Ẹ̀dọ̀ Eku àti Jíìnì Tó Ń Fún Sẹ́ẹ̀lì Láṣẹ Ẹ̀ẹ̀kan Ṣoṣo

Ní ọdún 1931, George Higgins àti R. M. Anderson, olùwádìí méjì ní Mayo Clinic ní ìlú Rochester, ìpínlẹ̀ Minnesota l'Amẹ́ríkà, gbé àbájáde iṣẹ́ abẹ kan jáde tí àwọn yàrá ìwádìí káàkiri ayé ṣì ń ṣe títí dòní. Eku funfun ni wọ́n ń ṣe é fún. Wọ́n á fi oògùn kùn ún lóorun, wọ́n á la ikùn rẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ igbáàyà, wọ́n á wá rọra tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí abala méjì tó tóbi jù nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ yóò fi yọ síta, tó pọ́n dòdò, tó ń dán. Wọ́n á fi òwú so ìdí abala méjèèjì pinpin kí ẹ̀jẹ̀ má baà ṣàn, wọ́n á gé wọn, wọ́n á sì rán ojú ọgbẹ́ náà pa. Ohun tí wọ́n gé kúrò yẹn tó ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ẹ̀dọ̀ eku ọ̀hún. Síbẹ̀ eku náà ò kú. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á ti padà wúwo tó bó ṣe wúwo tẹ́lẹ̀.

Abala tí wọ́n gé kì í hù padà bí ìrù alángbá ṣe máa ń hù. Àwọn abala kéékèèké tó ṣẹ́ kù ló ń tóbi sí i, títí wọn yóò fi lè ṣe iṣẹ́ tí odidi ẹ̀dọ̀ ń ṣe. Àìmọye mílíọ̀nù sẹ́ẹ̀lì tó ti ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́ láti oṣù mélòó kan, tí ọ̀rọ̀ pípín ti kúrò lọ́kàn wọn, á jí sí i láàárín ọjọ́ kan. Wọ́n á ṣe ẹ̀dà gbogbo DNA inú wọn, wọ́n á pín sí méjì, lẹ́yìn náà wọ́n á padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn.

Àwọn tó bá gbọ́ ìtàn yìí sábà máa ń sọ̀rọ̀ nípa bí ẹ̀dọ̀ ṣe yára tó. Lójú tèmi, ibòmíràn ni ìyanu náà wà. Nínú gbogbo ìyára yẹn, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń ṣe ẹ̀dà DNA rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó tó pín. Kì í ṣe é lẹ́ẹ̀kan àbọ̀. Kì í ṣe apá kan lẹ́ẹ̀mejì kó sì gbàgbé apá kejì. Ohun tó ń mú un dúró lórí ẹ̀ẹ̀kan yẹn ni mo fẹ́ sọ, jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní Cdt1 ló sì wà láàárín ọ̀rọ̀ náà.

Kí a kọ́kọ́ mọ irú eku tí à ń sọ. Kì í ṣe òkété, kì í ṣe ẹmọ́. Rattus norvegicus ni àwọn onímọ̀ ń pè é, ẹbí èkúté ńlá inú gọ́tà. Ní ọdún 1906 ni Wistar Institute ní ìlú Philadelphia bẹ̀rẹ̀ sí í sin irú rẹ̀ tó funfun fún iṣẹ́ ìwádìí, ọ̀pọ̀ eku yàrá ìwádìí òde òní ló sì ṣẹ̀ wá láti ibẹ̀. Ní 2004, wọ́n tẹ àkójọ DNA rẹ̀ jáde, ó sì di ẹranko kẹta nínú àwọn afọ́mọlọ́mú tí wọ́n ka tirẹ̀ báyìí, lẹ́yìn ènìyàn àti lẹ́yìn eku kékeré tó jẹ́ ìbátan rẹ̀. Lẹ́tà DNA rẹ̀ tó bílíọ̀nù 2.75, ó sì wà lórí àwọn okùn tí à ń pè ní krómósóómù. Sẹ́ẹ̀lì ara eku máa ń gba ọ̀wọ́ krómósóómù kan lọ́dọ̀ bàbá, ó ń gba ìkejì lọ́dọ̀ ìyá, krómósóómù 42 lápapọ̀. Bí ènìyàn bá fa gbogbo DNA inú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo yẹn gùn, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà méjì. Ìyẹn ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ láìfi ibì kan sílẹ̀ kó tó lè pín.

Ìgbà wo ni iṣẹ́ ẹ̀dà náà ń bẹ̀rẹ̀? Ní 1962, onímọ̀ àìsàn kan tó ń jẹ́ Joe Grisham lo ọgbọ́n kan tó dùn mọ́ mi púpọ̀. Thymidine jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń kọ́ DNA tuntun. Wọ́n á fi èròjà tó ń ta ìtànṣán sára rẹ̀, wọ́n á gún un sínú eku tí wọ́n ti gé ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ń ṣe ẹ̀dà DNA lọ́wọ́ nìkan ni yóò gbé e mì. Wọ́n á wá gé ẹ̀dọ̀ náà pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ lórí gíláàsì, wọ́n á da irú èròjà tó máa ń wà lára fíìmù fọ́tò bò ó, wọ́n á gbé e sínú òkùnkùn. Bí wọ́n bá yọ ọ́ jáde tí wọ́n sì fi maikirosíkóòpù wò ó, àmì dúdú wínníwínní á ti kún orí kóró àárín àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣiṣẹ́, àwọn yòókù á wà ní mímọ́. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí a mọ̀ pé nínú ẹ̀dọ̀ eku, kò sí ohun tó hàn fún bíi wákàtí 14 àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó sì ga jù lọ ní nǹkan bíi wákàtí 24. Ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọnú ẹ̀dọ̀ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, tí yóò sì máa tàn lọ síbi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde. Ní bíi wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ lẹ́yìn èyí, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pín.

Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ìròyìn wá fún sẹ́ẹ̀lì pé kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní 1967, Moolten àti Nancy Bucher, ní Boston, so iṣan ẹ̀jẹ̀ eku méjì pọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan lè máa ṣàn sínú èkejì. Wọ́n gé ẹ̀dọ̀ ọ̀kan. Ẹ̀dọ̀ èkejì, tí ẹnikẹ́ni ò fi abẹ kàn, náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀dà DNA. Ní 1984, Toshikazu Nakamura ní Japan bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀kan lára àwọn òjíṣẹ́ náà yọ láti inú ẹ̀jẹ̀ eku tí wọ́n ti gé ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó mú ìròyìn wá kọ́ ni yóò ṣe iṣẹ́. Inú kóró sẹ́ẹ̀lì ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ náà ni ewu wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ díẹ̀. Krómósóómù àkọ́kọ́ eku ní lẹ́tà tó lé ní mílíọ̀nù 260. Ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹ̀dà DNA nínú ẹran afọ́mọlọ́mú kì í sáré ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì lẹ́tà lọ ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá jẹ́ ojúkò kan ṣoṣo ní àárín krómósóómù yẹn ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, tó ń lọ sápá ọ̀tún àti sápá òsì, yóò gbà tó oṣù kan àbọ̀ kó tó parí. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ eku ń parí gbogbo rẹ̀ ní bíi wákàtí mẹ́jọ. Ohun tó ń jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojúkò ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, àwọn kan ní kùtùkùtù, àwọn kan nígbà tó bá kù díẹ̀ kí iṣẹ́ tán.

Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Bí iṣẹ́ bá dé ìdajì, àwọn ojúkò kan ti parí, àwọn mìíràn ò tíì bẹ̀rẹ̀, inú kóró kan náà ni gbogbo wọn sì jọ wà. Kí ni yóò sọ fún èyí tó ti parí pé kó má tún bẹ̀rẹ̀? Bí ojúkò mẹ́wàá péré bá ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, apá ibẹ̀ yóò pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, okùn DNA lè já, jíìnì tó yẹ kó jẹ́ méjì lè di mẹ́rin.

Ní 1970, Potu Rao àti Robert Johnson, ní ìpínlẹ̀ Colorado, fi ìdánwò kan ṣí ojú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn méjì, wọ́n yọ́ wọn pọ̀ títí wọ́n fi di ọ̀kan tó ní kóró méjì. Nígbà tí wọ́n so sẹ́ẹ̀lì tí ò tíì ṣe ẹ̀dà DNA rẹ̀ pọ̀ mọ́ èyí tó ń ṣe é lọ́wọ́, kóró tí ò tíì ṣe é bẹ̀rẹ̀ kíá. Nígbà tí wọ́n so èyí tó ti parí pọ̀ mọ́ èyí tó ń ṣe é lọ́wọ́, kóró tó ti parí náà kò mira. Omi kan náà ló yí wọn ká, ohun gbogbo tí iṣẹ́ náà nílò wà nínú omi ọ̀hún, síbẹ̀ ó kọ̀. Ohun kan wà lára DNA tí a ò tíì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tí kò sí lára èyí tí a ti ṣe.

Ní Cambridge, ní 1988, Julian Blow àti Ron Laskey fi omi ẹyin àkèré ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, wọ́n sì dábàá pé DNA gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kó tó lè bẹ̀rẹ̀, pé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń ná àṣẹ náà tán, àti pé kò sí àṣẹ tuntun àfi lẹ́yìn tí sẹ́ẹ̀lì bá ti pín. Ọ̀rọ̀ àṣẹ yẹn ni gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ń lò títí di òní. Ẹni tó ń gbé àṣẹ náà wá ni wọn ò tíì rí nígbà yẹn.

Inú ìwúkàrà ni wọ́n ti rí i. Irú ìwúkàrà kan wà tí àwọn ará Yúróòpù kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ láti inú ọtí ọkà ìlà-oòrùn Áfíríkà ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìwúkàrà yìí ni Paul Nurse fi ṣe iṣẹ́ tó jẹ́ kí ó pín ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú Leland Hartwell àti Tim Hunt ní 2001 lórí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń pín. Ní 1994, Hofmann àti Beach rí jíìnì kan nínú rẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì kò lè ṣe ẹ̀dà DNA láìsí i, wọ́n sì sọ ọ́ ní Cdt1. Ní ọdún 2000, ikọ̀ méjì fi hàn lẹ́ẹ̀kan náà pé òun ni a ti ń wá: ikọ̀ Nurse, tí Nishitani àti Lygerou wà nínú rẹ̀, fi ìwúkàrà ṣe é, ikọ̀ Marcel Méchali ní Faransé fi ẹyin àkèré ṣe é. Àkèré ní i, kòkòrò ní i, eku ní i, ènìyàn ní i. Nínú ìwé, ti eku ni wọ́n ń kọ ní Cdt1, ti ènìyàn ni wọ́n ń kọ ní lẹ́tà ńláńlá, CDT1, àmọ́ iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Iṣẹ́ náà rèé. Lójú ibi tí ìṣẹ̀dà, ìyẹn ṣíṣe ẹ̀dà DNA, yóò ti bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ purotéènì mẹ́fà kan tí à ń pè ní ORC á jókòó sórí DNA. Òmíràn, Cdc6, á wá bá wọn. Lẹ́yìn náà purotéènì tí jíìnì Cdt1 ń ṣe, tí òun náà ń jẹ́ Cdt1, á dé pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́: òrùka kan tí purotéènì mẹ́fà mìíràn, Mcm2 dé Mcm7, so pọ̀ di. Òrùka náà á là, á gba DNA sínú, á tún padà pa dé, DNA á wá gba àárín rẹ̀ kọjá. Cdt1 á fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Òrùka kejì á tún dé, wọ́n á kọjú síra wọn. Wọ́n á dúró bẹ́ẹ̀ láìṣe nǹkan kan. Àwọn òrùka méjì tó jókòó jẹ́ẹ́ yẹn ni àṣẹ tí Blow àti Laskey ń sọ.

Tí àkókò bá tó, àwọn purotéènì amúṣẹ́ṣe mìíràn á fi ọwọ́ kan àwọn òrùka náà, wọ́n á pínyà, ọ̀kan á gba apá ọ̀tún, ọ̀kan á gba apá òsì, wọ́n á máa tú okùn DNA bí wọ́n ṣe ń lọ, ẹ̀rọ ìṣẹ̀dà á sì tẹ̀ lé wọn. Bí òrùka bá ti kúrò lójú ibi tó wà, ibẹ̀ ti pàdánù àṣẹ rẹ̀. Ohun tó ya kóró tó ti parí sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ò tíì bẹ̀rẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì Rao àti Johnson nìyẹn. Kí ojúkò náà má baà gba àṣẹ mìíràn, Cdt1 kò gbọdọ̀ sí nítòsí mọ́.

Bí wọ́n ṣe ń lé e lọ ló wú mi lórí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀rọ ìṣẹ̀dà ní òrùka mìíràn tó ń gùn lé DNA, PCNA lorúkọ rẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ náà má yọ̀ kúrò lórí okùn. Cdt1 ní ibì kan lára tó máa ń lẹ̀ mọ́ PCNA. Bó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn lórí DNA, àwọn purotéènì kan á fi àmì ìparun tí à ń pè ní ubiquitin kàn án lára, wọ́n á sì gbé e lọ síbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń fọ́ ohun tí kò fẹ́ mọ́. Ẹ wò ó dáadáa: ìṣẹ̀dà fúnra rẹ̀ ló ń pa ẹni tó fún un láṣẹ. Kò sí pé ẹnì kan ń ṣọ́ aago lókèèrè. Ojú ẹsẹ̀ tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, àṣẹ tuntun di èèwọ̀.

Sẹ́ẹ̀lì kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀. Ní 1998, Thomas McGarry àti Marc Kirschner ní Harvard rí purotéènì kékeré kan nínú àkèré tí wọ́n pè ní geminin. Lọ́dún 2000 àwọn olùwádìí mìíràn fi hàn pé Cdt1 ló ń dì mú. Geminin máa ń pọ̀ sí i bí ìṣẹ̀dà bá ti bẹ̀rẹ̀, Cdt1 tó bá ṣẹ́ kù tàbí tí sẹ́ẹ̀lì bá tún ṣe, yóò gbá a mú kó má lè gbé òrùka kankan wá. Nígbà tí krómósóómù bá wá ya ara wọn, tí sẹ́ẹ̀lì sì ń di méjì, wọ́n á pa geminin run, Cdt1 á sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó lè fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tuntun láṣẹ. Ohun tó tún dára níbẹ̀ ni pé bí geminin ṣe di Cdt1 mú yẹn, ó tún ń dáàbò bò ó kí wọ́n má baà fọ́ ọ tán, kí ó lè kù fún ìgbà tó kàn.

Àwọn méjèèjì kì í fẹ́ẹ́ pọ̀ lákòókò kan náà, ìdí nìyẹn tí Asako Sakaue-Sawano àti Atsushi Miyawaki ní Japan ṣe fi wọ́n ṣe nǹkan àrà ní 2008. Wọ́n so apá kan Cdt1 mọ́ àwọ̀ pupa, wọ́n so apá kan geminin mọ́ àwọ̀ ewé. Sẹ́ẹ̀lì tó ń dúró de iṣẹ́ á pupa, èyí tó ti wọnú iṣẹ́ á di àwọ̀ ewé, ènìyàn á sì máa fi ojú ara rẹ̀ wo bí sẹ́ẹ̀lì alààyè ṣe ń pààrọ̀ àwọ̀ bó ṣe ń lọ.

Nínú ẹ̀dọ̀ eku tó ti dàgbà, tí ohunkóhun ò ṣe, Cdt1 àti àwọn òrùka Mcm kì í fi bẹ́ẹ̀ sí. Ìdí kan nìyí tí wákàtí mẹ́rìnlá àkọ́kọ́ fi máa ń dà bí ẹni pé kò sí ohun tó ń lọ. Sẹ́ẹ̀lì ní láti jí àwọn jíìnì wọ̀nyí, ó ní láti ṣe purotéènì wọn, ó sì ní láti to òrùka sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ibi kó tó lè ṣe ẹ̀dà lẹ́tà kan ṣoṣo.

Ẹ̀dọ̀ eku tún ní ìwà kan tó ṣòroó ṣàlàyé fún ẹni tó rò pé ìṣẹ̀dà DNA àti pípín sẹ́ẹ̀lì jẹ́ ohun kan náà. Nígbà tí wọ́n bá bí eku, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ olówọ̀ọ́ DNA méjì tán. Bí wọ́n bá ti gba ọmú lẹ́nu rẹ̀, ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì á ṣe ẹ̀dà DNA, á pín kóró rẹ̀ sí méjì, ṣùgbọ́n kò ní pín ara rẹ̀. Kóró méjì á wá jókòó nínú sẹ́ẹ̀lì kan. Àwọn olùwádìí ní Paris, lára wọn Chantal Desdouets, tọpinpin èyí láti ọdún 2003, wọ́n sì rí i pé ìnsúlíìnì tó ń pọ̀ sí i nígbà tí eku bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oúnjẹ gidi lọ́wọ́ sí i. Nígbà tí eku bá fi dàgbà, sẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ jù nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti ní ìlọ́po méjì DNA tó yẹ. Síbẹ̀ kò sí rúkèrúdò níbẹ̀, torí pé ìlọ́po odidi ni: gbogbo ojúkò gba àṣẹ, gbogbo wọn ṣe é lẹ́ẹ̀kan, wọ́n kàn fo pípín ni. Nínú ibi ọmọ eku, àwọn sẹ́ẹ̀lì òmìrán kan wà tó ń fo ó léraléra, tí DNA wọn fi ń di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún lọ́nà púpọ̀, torí iṣẹ́ wọn ni láti wọnú ògiri ilé ọmọ, kí wọ́n sì rí i pé oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ ọlẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ dàgbà láìpín, ó lè ṣe é, bó bá ṣáà ti ń gba àṣẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí àṣẹ bá wá pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ní 2003, ikọ̀ Anindya Dutta fi hàn pé bí Cdt1 àti Cdc6 bá pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ènìyàn tí kò ní p53, purotéènì tó yẹ kó dá sẹ́ẹ̀lì tó ti bàjẹ́ dúró, sẹ́ẹ̀lì náà á máa tún DNA tó ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ṣe. Bí p53 bá wà ní pípé, ó ń dá a dúró. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, àwọn mìíràn ti rí i pé sẹ́ẹ̀lì eku kékeré tí wọ́n fi Cdt1 kún lè di kókó jẹjẹrẹ nínú ẹranko. Àwọn tó ń ṣe oògùn náà sì rí àǹfààní nínú rẹ̀: oògùn pevonedistat, tí wọ́n kéde iṣẹ́ rẹ̀ ní 2009, ń dí ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì ń gbà pa Cdt1 run, kí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lè ṣe ẹ̀dà DNA títí tí yóò fi pa ara rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa nínú yàrá ìwádìí. Nínú àyẹ̀wò ńlá tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ní àìsàn ẹ̀jẹ̀, èsì rẹ̀ ní 2021 kò dé ibi tí wọ́n fojú sí, ó sì dùn mí fún àwọn aláìsàn tó fi ara wọn sílẹ̀ fún un.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n ń bí pẹ̀lú àrùn Meier-Gorlin, wọ́n kúrú, etí wọn kéré, ọ̀pọ̀ wọn kò ní eegun orí orúnkún. Ní 2011 wọ́n rí i pé àwọn jíìnì tó ń fún DNA láṣẹ ló ní àbùkù lára wọn: ORC1, ORC4, ORC6, CDC6 àti CDT1. Àṣẹ tó wá pẹ́, tí kò sì tó, ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ọlẹ̀ máa pín díẹ̀díẹ̀, ara ò sì ní dàgbà tó bó ṣe yẹ. Jíìnì tí a fi eku, ìwúkàrà àti àkèré mọ̀ wà lára ọmọ ènìyàn, ó sì lọ́wọ́ nínú bí ó ṣe máa ga tó.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ sún mọ́ wa ní Nàìjíríà ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Nínú ìwádìí àpapọ̀ tí wọ́n ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè yìí ní 2018, nǹkan bíi 8 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ló ní kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú irú B lára. Kòkòrò yẹn lè wà nínú ẹ̀dọ̀ fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún. Ara ń pa sẹ́ẹ̀lì tó kó o, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó kù á sì máa jí, wọ́n á máa gba àṣẹ, wọ́n á máa pín láti dí àlàfo, lọ́dọọdún. Ohun tí Higgins àti Anderson fi abẹ ṣe lẹ́ẹ̀kan, àìsàn yìí ń ṣe é díẹ̀díẹ̀ láìdáwọ́ dúró, gbogbo ìgbà tí a bá sì ń ṣe ẹ̀dà DNA ni àṣìṣe lè wọ̀ ọ́. Bí ẹni náà bá tún ń jẹ ẹ̀pà tàbí àgbàdo tó ti bu, aflatoxin inú rẹ̀ á máa ba DNA tí a fẹ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ jẹ́. Eku náà ló fi èyí hàn wá: lẹ́yìn tí àìmọye tòlótòló kú ní England ní 1960, wọ́n fi irú ẹ̀pà tí wọ́n jẹ bọ́ eku, eku sì ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B ti wà nínú ètò abẹ́rẹ́ ọmọdé ní Nàìjíríà láti 2004. Ọmọ tó bá gbà á lákòókò tó yẹ, tí kòkòrò náà kò sì wọ̀ ọ́ lára, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní bẹ̀rẹ̀ irú ìrìn-àjò yẹn rárá. Mo fẹ́ kí gbogbo ìyá tó bá bímọ béèrè fún un.

Ibi tí ìwádìí dé báyìí ni bí a ṣe lè mọ ẹ̀dọ̀ tó ṣì lè hù àti èyí tí kò lè hù mọ́. Nancy Bucher ti rí i láti 1964 pé eku tó ti dàgbà ń pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ ìṣẹ̀dà ju eku tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí lọ. Nínú ènìyàn, àwọn dókítà ní Cambridge gbé ọ̀rọ̀ náà wò nínú àwọn tó ní mẹ́dọ̀wú irú C fún ìgbà pípẹ́. Ní 2005 wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí nínú ègé ẹ̀dọ̀ tí wọ́n mú lára àwọn aláìsàn wọn tí wọ́n sì fi aró kùn. Sẹ́ẹ̀lì tó ní Mcm2, ọ̀kan lára purotéènì inú òrùka, pọ̀ níbẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n ti jí, wọ́n ti ń gba àṣẹ. Àwọn tó kọjá síbi ìṣẹ̀dà fúnra rẹ̀ kéré gan-an, torí purotéènì p21, tí ń dá sẹ́ẹ̀lì dúró, pọ̀ nínú wọn. Bí àpá inú ẹ̀dọ̀ bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni iye sẹ́ẹ̀lì tó dúró ní ẹnu ọ̀nà yẹn ṣe ń pọ̀ sí i. Ìyẹn túmọ̀ sí pé àìsí àṣẹ kọ́ ló ń dí ẹ̀dọ̀ wọn lọ́wọ́. Ohun tó ń dá sẹ́ẹ̀lì tó ti gba àṣẹ dúró ni oògùn gbọ́dọ̀ dojú kọ, láìṣí ìlẹ̀kùn fún sẹ́ẹ̀lì tí DNA rẹ̀ ti bàjẹ́.